Lẹ́tà Tí Bàbá Mi Kọ sí Kóòṣì

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Peckham, ní London níbí, kò sí ọmọbìnrin kan nílé ẹ̀kọ́ wa tó lè bá mi sáré dé ìdajì pápá. Mi ò fi yangàn o, bó ṣe rí ni mò ń sọ. Láràárọ̀ Sátidé, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin máa ń lọ sáré ní Peckham Rye, nítorí bàbá wa gbà pé ọmọ tó bá jókòó sínú fúláàtì jù yóò ya ọ̀lẹ. Èmi á ti yí pápá náà ká lẹ́ẹ̀mejì, màá ti jókòó sórí bẹ́ńṣì, màá ti mí délẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n mi tó yọ láti ẹ̀yìn igi, tí á máa sáré bí ẹni tó ru omi tí kò fẹ́ kó dànù. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa pè é ní "wọ́n" nínú ìwé yìí, ó fi ọdún kan ààbọ̀ jù mí lọ. Ẹ foríjì mí, mi ò lè ṣe é lónìí.

Olùkọ́ eré ìdárayá wa, òyìnbó obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ máa ń dún dé títì, ló kọ̀wé nípa mi sí àwọn yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Àwa ò tiẹ̀ mọ̀ pé èèyàn lè fi ẹsẹ̀ gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Lẹ́tà mẹ́ta dé. Bàbá mi tẹ́ wọn sórí tábìlì ìjẹun, a sì fi odindi ọ̀sẹ̀ kan yẹ̀ wọ́n wò. Èkíní lókìkí, ṣùgbọ́n ìdajì owó ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n fẹ́ san. Èkejì fẹ́ san gbogbo rẹ̀, àmọ́ kóòṣì wọn ní kí n fi eré mítà ẹgbẹ̀rin sílẹ̀, kí n wá máa sá eré ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀kẹta jẹ́ yunifásítì kékeré ní ìlú tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́ rí: wọn yóò san owó ẹ̀kọ́, ilé àti oúnjẹ fún ọdún mẹ́rin, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé bí mo bá tilẹ̀ fẹsẹ̀ ṣèṣe, wọn ò ní gba ẹ̀bùn náà lọ́wọ́ mi. Èyí ni mo mú. Bàbá mi ní mo gbọ́n. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìbọ̀sẹ̀ onírun pa mọ́ fún mi.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń kà á, ẹ wá wo bí bàbá mi ṣe bà á jẹ́. Nílé tiwa, ẹ̀gbọ́n ní í kọ́kọ́ mú ẹran nínú àwo. Ẹ̀gbọ́n ní í kọ́kọ́ wẹ̀, ẹ̀gbọ́n ní í kọ́kọ́ wọ bàtà tuntun, tó bá fún un lẹ́sẹ̀ tán ni yóò kan àbúrò. Bàbá mi rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ipò nínú ẹgbẹ́ eléré ìje ṣe rí. Wọ́n jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n mú gègé wọn tó dára jù, wọ́n kọ̀wé sí kóòṣì: pé ìdílé wa dúpẹ́ gidigidi fún ipò tí wọ́n fún wa, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ọmọ yìí ṣì wà nílé, òun náà sì máa ń sáré, kí wọ́n jọ̀wọ́ gba ẹ̀gbọ́n lọ́dún yìí, kí àbúrò tẹ̀lé e lọ́dún tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ kan náà ni wọ́n kọ̀wé sí àwọn méjì yòókù pé a ti rí ibi tó wù wá. Mi ò mọ nǹkan kan. Èmi gan-an ni wọ́n rán lọ fi lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ ní pósítọ́fíìsì. Mo sá lọ, mo sá bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀. Ìyẹn ni mi ò tíì dárí rẹ̀ jì í. Bàbá mi ti ka lẹ́tà náà fún un kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ pa. Ó mọ̀ pé òun ò lè sáré bá bọ́ọ̀sì tó dúró, síbẹ̀ ó lọ ra àpótí aṣọ lọ́jà Deptford, ó ní fún ìrìn àjò kíláàsì ni. Nígbà tí mo bi í léèrè nígbẹ̀yìn, ó ní, "Ṣé kí n wá sọ fún Dádì pé wọn ò mọ nǹkan tí wọ́n ń ṣe ni?"

Èsì kóòṣì ò ju ìlà mẹ́rin lọ. Òun ò lè gba ẹni tí òun ò rí eré rẹ̀ rí. Níwọ̀n ìgbà tí èmi ò sì ní wá lọ́dún náà, òun ti fi ipò mi fún ọmọbìnrin mìíràn. Bàbá mi kà á lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Irú èèyàn wo nìyí? Ṣé wọn kì í bí ẹ̀gbọ́n nílùú tiwọn ni?"

Olùkọ́ wa tẹ àwọn méjì yòókù láago. Àyè ti kún. Mo kàwé gboyè ní London níbí lẹ́yìn náà, mò ń tibi iṣẹ́ lọ sí kíláàsì. Ìyẹn kọ́ là ń sọ.

Ẹ wá wo bí Ọlọ́run ṣe ń pín nǹkan. Ọkùnrin méjì ni mo bí. Ọ̀kan ń wa bọ́ọ̀sì ní Old Kent Road, èkejì ń wọ líìfùtì lọ sí àjà kìíní. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ìgbín lè dúró dè, òun ló wá bí àbíkẹ́yìn obìnrin tó ń sá mítà ẹgbẹ̀rin bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ẹsẹ̀ mi lọmọ yìí gbé wáyé, ó wá gbé e lọ sílé ẹlòmíì.

Lóṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá jẹun. Yunifásítì mẹ́ta ní Amẹ́ríkà ń fẹ́ ọmọ rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ fún ọ̀kan lésì kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ náà ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sáàárín àwo oúnjẹ. Kóòṣì kan ti bá a sọ̀rọ̀ lórí fídíò, ó fi yàrá tí yóò máa sùn hàn án. Òmíràn bi í ní oúnjẹ tó fẹ́ràn, ó ní àwọn á wá ibi tí wọ́n ti ń ta dòdò. Dòdò! Owú ni mò ń jẹ, mi ò ní pè é ní nǹkan mìíràn.

Ẹ̀gbọ́n mi ti mú èyí tó lókìkí jù. "Tí mo bá dárúkọ ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó máa bi mí pé níbo nìyẹn."

Ọmọ yíjú sí mi. "Aunty, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ẹ máa pick? Mummy ò mọ nǹkankan nípa track, no offence."

"Màá gbá ẹ lẹ́nu o," ni ìyá rẹ̀ wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi àwọn kóòṣì náà. Mo sì dákẹ́. Mo jẹ odindi ẹja kan tán. Mo fẹ́ kó mú èyí tí kò dára, kí ẹ̀gbọ́n mi lè mọ bó ṣe máa ń dunni.

Ìgbà náà ló sọ ọ́. "Aunty rẹ náà rí irú àǹfààní yìí nígbà kan. Kò kàn jà fún un ni."

Mo gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Sister mi, ta ló gbé lẹ́tà yẹn lọ sí pósítọ́fíìsì? Ẹ jókòó, ẹ ń wò mí bí mo ṣe ń so okùn bàtà."

"Wait, lẹ́tà wo?" ni ọmọ náà bèèrè.

Ìbínú ti ṣí ẹnu tí owú dì. Mo yíjú sí ọmọ náà. "Bi wọ́n pé, bí o bá fẹsẹ̀ ṣèṣe, ta ló máa san owó ọdún kejì? Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ o."

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń tẹ̀ ẹ́. Ó ti fi ránṣẹ́ sáwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ìyá rẹ̀ tó ní "dúró ná." Kí a tó palẹ̀ àwo mọ́, àwọn méjì ti dáhùn. Olókìkí yẹn ní ọdọọdún ni kóòṣì yóò máa tún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà yẹ̀ wò. Ẹni tó sọ̀rọ̀ dòdò ní ọdún mẹ́rin gbáko ni, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni ọmọ náà kọ̀wé sí i pé òun ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn.

"Ṣé o ò ní jẹ́ ká gbàdúrà sí i ni?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Mummy, ẹ máa pray. Mo ti send ẹ̀."

Ayé ti yí padà. Nígbà tiwa, ọmọ kì í mọ ohun tí àwọn àgbà ń gbèrò nípa rẹ̀ títí yóò fi já lé e lórí. Ní báyìí, wọ́n ń bi àgbà léèrè, wọ́n á mú èyí tó wúlò fún wọn níbẹ̀, wọ́n á bá tiwọn lọ. Ó sàn bẹ́ẹ̀, mi ò lè purọ́. Oṣù Kẹjọ lọmọ náà ń lọ, ẹ̀gbọ́n mi sì ní kí n bá wọn dé pápákọ̀ òfurufú. Mo ní màá wò ó ná. Mò ń bá ọmọ náà yọ̀, títí dé ibi tí ayọ̀ mi lè dé. Ibẹ̀ kò jìn.