Adìyẹ Tí Kò Léegun

Ìyá àgbà kan, ará Peru, tó ń gbé fúláàtì tó kọjú sí tiwa ní Katy, lẹ́bàá Houston, ló ń bá wa mójú tó ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, bí èmi àti ìyá rẹ̀ bá ti wa mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Láàárín àwọn ọdún 1990 yẹn, a kò ní ẹlòmíì ní Houston. Bí wọ́n bá kọ̀ wá pẹ́nrẹ́n, ọ̀kan nínú wa yóò fiṣẹ́ sílẹ̀ ni.

Àfi bí ọmọ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ẹ̀bà. Òun ti yó, ni yóò wí. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ìyá àgbà di abọ́ kan fún un wálé: ìrẹsì funfun, ọbẹ̀ tó pọ́n rúsúrúsú, tó ki bí ògì, ẹyin sísè lórí rẹ̀. Wọ́n ní adìyẹ ni.

Ìyàwó mi fi ṣíbí tú inú abọ́ títí.

“Bàbá ọmọ mi, adìyẹ wo ni kò léegun? Wọ́n ti fà á ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ká mọ ẹran tóun sè kì í fà á ya báyìí. Ẹlẹ́dẹ̀ ni!”

“Ẹlẹ́dẹ̀ tó ń yé ẹyin?”

“Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀, ẹ̀yin lẹ ó ṣàlàyé.”

Bí mo ṣe di ọlọ́pàá nìyẹn. Ní Sátidé, mo ra odindi adìyẹ lọ́wọ́ alápatà tó ń ṣe bisimilá, mo gbé e tọ ìyá àgbà lọ pé kí wọ́n kọ́ mi lọ́bẹ̀ náà. Wọ́n rẹ búrẹ́dì sínú mílíìkì, mo na ọrùn. Wọ́n lọ ata àti ẹ̀pà, mo gbóòórùn. Wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo dìde dúró. Nígbà tí adìyẹ jinná, wọ́n tì í síwájú mi pé kí n fà á ya. Mo ń fà á, wọ́n ń wò mí.

“Ṣé ìyàwó rẹ ló rán ọ wá ṣọ́ mi?”

Mo jẹ́wọ́, mo sì sọ ti ẹlẹ́dẹ̀. Wọn kò pariwo. Wọ́n ní ọmọ wa ti sọ fún àwọn láti ọjọ́ kìíní pé a kì í jẹ ẹ́. Bí a kò bá gba àwọn gbọ́, ká má gbé ọmọ wá mọ́ ní Mọ́ńdè.

Mo délé, mo jábọ̀. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, ìyàwó mi fúnra rẹ̀ ló fa ọmọ lọ́wọ́ lọ. Bí ìyá àgbà ṣe ṣílẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ gbì láti tọrọ àforíjì. Ìyá àgbà kò rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n rò pé yẹtí rẹ̀ ló já bọ́. Làwọn náà bá kúnlẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ wá a kiri lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ìyàwó mi ń wí pé, “Ẹ má bínú, Mà,” ìyá àgbà ń bi í pé etí ọ̀tún ni àbí tòsì, ọmọ wa sì gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ó wọlé lọ jókòó sídìí tábìlì.