Orúkọ Mẹ́ta Tí Fàtíù Kà Lórí Rédíò

Ọmọ Ìlọrin ni Fàtíù, ṣùgbọ́n Sabon Gari ní Zaria ni wọ́n bí i sí. Ó ta kásẹ́ẹ̀tì orin ní àdúgbò PZ níbẹ̀ títí ọjà kásẹ́ẹ̀tì fi kú. Ó bọ́ sórí sídì, ìyẹn náà kú. Ní báyìí, ó ń bá èèyàn gbé orin sórí fóònù. Kò sí olórin tàbí òṣèré Yorùbá kan tí Fàtíù kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, ọjọ́ tó ṣe àwo àkọ́kọ́ àti ọjọ́ tó kú. Ohun tó jẹ́ kí ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láràárọ̀ nìyẹn, lórí ètò tí wọ́n ń pè ní "Irú Òní", níbi tó ti ń ka ẹni tí wọ́n bí àti ẹni tó kú ní irú ọjọ́ náà.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni kì í kà nínú ọdún, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá. Bí ọjọ́ náà bá ti ń bọ̀, á ní ọ̀fun ń dun òun, ẹlòmíràn á bá a kà á.

Ọjọ́ náà, lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, ni gbajúgbajà olórin kan, Mùdáṣírù Agbóhùndùn, wá fi eré ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀ ní Zaria. Ọ̀sán gangan ni. Èrò pọ̀ ju gbọ̀ngàn lọ, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n sì ṣí. Bí orin ṣe bẹ̀rẹ̀, àwọn tó wà níta ti géètì wó, wọ́n tẹ èèyàn mẹ́ta pa. Waheedat ọmọ Fàtíù, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wà nínú wọn. Hafeezat ìyá rẹ̀ ti ní kò gbọdọ̀ lọ. Gbogbo ilé gbà pé ńṣe ló yọ́ jáde. Fàtíù nìkan ló mọ̀ pé òun lòun fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì. Kò sọ.

Lọ́dún yìí, Othniel, ọmọ Kogi tó jẹ́ ọ̀gá ètò, mú ìwé kan tọ̀ ọ́ wá.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ọ̀fun ń dùn yín lọ́la o. Agbóhùndùn pé ọgọ́ta ọdún, àwọn èèyàn rẹ̀ á sì máa gbọ́ wa."

Lọ́jọ́ kejì, Fàtíù jókòó, ó ka ohun tí wọ́n kọ.

"Irú òní ni wọ́n bí Mùdáṣírù Agbóhùndùn. Irú òní, lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, ló ṣeré ní Zaria, tí èrò ò rọ́nà wọlé."

Ibẹ̀ ni ìwé parí sí. Kò gbójú sókè.

"Irú òní náà ni Jonah tó ń ṣe mẹkáníìkì kú lẹ́nu géètì. Irú òní ni Peculiar kú, ó kù díẹ̀ kó wọ yunifásítì. Irú òní ni Waheedat ọmọ mi kú. Ìyá rẹ̀ ní kó má lọ. Èmi ni mo fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì."

Othniel sáré pa ẹ̀rọ. "Haba, Baba! Kí lẹ ṣe yìí?" Omi ti lé ròrò sójú òun náà, síbẹ̀ ó ní kí Fàtíù má wá lọ́la mọ́.

Kí Fàtíù tó jáde, ìyá Jonah pè é lórí fóònù láti Dogarawa. "Ẹ ṣeun," ó ní. "Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, ẹnikẹ́ni ò tún pe orúkọ ọmọ mi sétí mi."

Nígbà tí Fàtíù délé, Hafeezat ti di ẹrù.

"Bàbá Waheedat," ó pè é. Láti ọdún mọ́kànlá, Bàbá Bashir, orúkọ àkọ́bí wọn, ló ń pè é.

"Hafeezat, jọ̀ọ́..."

"Mo bú ọmọ mi níbi tí wọ́n tẹ́ òkú rẹ̀ sí. Mo pè é ní aláìgbọràn. Ẹ jókòó tì mí, ẹ ń gbọ́. Ṣé àwọn ará ìta ló yẹ kó bá mi gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan náà?"

Hafeezat gba ilé Raliat àbúrò rẹ̀ lọ ní Dakace.

Gbogbo Jímọ̀ ni Fàtíù ń lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ìrun. Raliat á kí i lẹ́nu ọ̀nà, á ní ẹ̀gbọ́n òun ò fẹ́ jáde. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Hafeezat fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Kò kí i.

"Kí ló sọ nígbà tí ẹ fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì yẹn?"

"Ó ní kí n má sọ fún ọ. Ó ní tóun bá dé, òun á fẹnu ara òun bẹ̀ ọ́."

Hafeezat rọra jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fi gèlè bojú. Fàtíù jókòó sórí iyanrìn, ó jìnnà sí i díẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí wọ́n fi pe ìrun Alásárì. Nígbà náà ni Hafeezat dìde, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.