Àpótí Oníbúrẹ́dì àti Jíìpù Gíga

Jíìpù mi ga ju bó ṣe yẹ lọ, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi fà á. Lẹ́yìn tí ìyàwó mi kú, tí àwọn ọmọbìnrin mi ti lọ sílé ọkọ, kò sẹ́ni tí yóò bi mí pé kí ni mò ń ṣe. Mo ní kí mẹkáníìkì fi irin gbé e sókè, kí ó fi táyà lọ́rì sí i lẹ́sẹ̀, kí ó sì fa páìpù èéfín rẹ̀ dé orí òrùlé nítorí òjò Port Harcourt. Lórí títì ọlọ́dà, ó ń kùn bí agbọ́n, sítíárì rẹ̀ a sì máa fẹ́ lọ síbi tó wù ú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dà bá tán tí ẹrẹ̀ bẹ̀rẹ̀, á di pẹ́pẹ́yẹ tó rí odò. Èmi tí n kì í sọ̀rọ̀, mo máa ń kọrin nínú ẹrẹ̀.

Obìnrin kan ń ta búrẹ́dì níwájú ilé mi ní Rumuigbo. Ọkọ tirẹ̀ náà ti kú. Ojoojúmọ́ ni mò ń ra búrẹ́dì, títí búrẹ́dì fi ń bu nílé mi. Mo fẹ́ kí ó fẹ́ mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò jáde lọ́fun.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, òjò ti rọ̀ mọ́jú, ó ní òun fẹ́ gbé oúnjẹ lọ fún ọmọ òun tó wà ní yunifásítì, tó háyà yàrá ní Aluu. Gbogbo onítakisí ló kọ̀, wọ́n ń sá fún ẹrẹ̀.

"Màá gbé yín lọ," ni mo wí.

Ó wo jíìpù láti ìsàlẹ̀ dókè. "Bàbá Oníjíìpù, ṣé èèyàn lẹ fẹ́ gbé ni, àbí ẹyẹ?"

Nígbà tí mò ń gbé ọkọ̀ yẹn sókè, ẹrẹ̀ ni mo rò, n kò ro ti ìró. Obìnrin tó ró aṣọ dáadáa kò lè gbé ẹsẹ̀ dé ibẹ̀. Ó fa àpótí tó máa ń jókòó lé nídìí ọjà rẹ̀, ó gùn ún, ó wọlé, ó gbé kíréètì ẹyin lé itan. Ó di Aluu.

Lórí ọ̀dà, a kò gbọ́ ohùn ara wa. "Ẹ rọra o! Ẹyin mi!" ló ń ké. Nígbà tí a dé inú ẹrẹ̀, takisí kan ti rì síbẹ̀. A kọjá lára rẹ̀ wàì, omi fò bo wíńdò. Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ tún un ṣe!"

Mo yí padà, mo tún un ṣe.

Nígbà tí a dé, ọmọ rẹ̀ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde síta. Mo ṣílẹ̀kùn, omi kún ilẹ̀.

"Àpótí mi ńkọ́?"

Àpótí wà létí títì ní Rumuigbo.

"A gbàgbé rẹ̀," ni mo wí.

"Àwa? Èmi ti wà lókè. Ta ló wà nílẹ̀?"

Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo bẹ̀rẹ̀. "Ẹ bọ́ sẹ́yìn mi, kí n pọ̀n yín."

"Níwájú ọmọ mi?"

Ṣùgbọ́n ó bọ́ sí i, ó sì gbé ẹyin lé mi lórí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàtẹ́wọ́. "Papa, carry am go!" "Mama, hold Papa well well o!" Ọmọ rẹ̀ fọwọ́ bojú. Irùngbọ̀n ti hù lágbọ̀n mi kí n tó wọ ilé ìwé láàárín àwọn ọmọdé, nítorí náà mo ti mọ ẹ̀rín èèyàn. Èyí kò dùn mí rárá. Nínú omi yẹn ni ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu mi.

"Mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ ìyàwó mi."

Mo dúró.

"Ẹ máa rìn, ẹyin ń bẹ lórí yín!"

"Ẹ dá mi lóhùn ná."

"Bàbá yìí! Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀!" Ẹ̀rín rẹ̀ ń mi ẹ̀yìn mi. "Tí a bá padà, tí wọn ò bá tíì jí àpótí mi, ẹ gbé e wọ ilé yín. Ibẹ̀ ni n óò ti máa jókòó lé e."

Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe gbé obìnrin náà padà sínú ọkọ̀, a forí lé Rumuigbo; n kò tíì sáré tó bẹ́ẹ̀ rí lórí ọ̀dà. Àpótí wà níbẹ̀. Ewúrẹ́ kan ló dúró lé e lórí. Mo bẹ́ sílẹ̀, mo lé ewúrẹ́, mo gbé àpótí wọ ilé ìdáná, mo gbé e síhìn-ín, mo gbé e sọ́hùn-ún, mò ń wá ibi tí yóò ti bá a lára mu.

Ìgbà tí mo gbọ́ fèrè ọkọ̀ níta, tó ń dún láìdákẹ́, ni mo rántí pé ìyàwó ṣì wà lókè.