Ojú Ewé Tí Àparò Wà

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, torí ó ti pẹ́, síbẹ̀ kò tíì tán nínú mi.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni wọ́n fi mí ṣe olùtọ́jú yàrá ìkàwé àwọn ọmọdé ní Lálùpọn. Yàrá kan ṣoṣo ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀tù. Lọ́ọ̀rì a máa gbé àpótí ìwé wá láti Ìbàdàn, ìwé òyìnbó ni gbogbo rẹ̀. Yìnyín ń bọ́ nínú èyí, ọmọ inú èkejì ń gun ẹṣin kékeré lọ kí ìyá rẹ̀ àgbà. Àwọn ọmọ ń kà á geere. Bí mo bá wá bi wọ́n pé kí ni wọ́n kà, wọn a máa wo ojú mi.

Ni mo bá ní kí oníkálukú lọ bi àwọn àgbà ilé rẹ̀ ní ìtàn kan, kó kọ ọ́ wá. Ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè tó jẹ́ Ígbò kọ tirẹ̀ ní èdè ìyá rẹ̀, ó kọ Yorùbá sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ Hausa olóbì kọ ti ràkúnmí kan. Mo fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán wọn pọ̀, mo fi páálí ṣe èèpo rẹ̀. Ìwé yẹn ni wọ́n ń jà dù.

Ọmọbìnrin kan tó tó ọmọ ọdún mẹ́wàá ló kọ èyí tó dùn jù. Lásìkò ogun àtijọ́, ìyá ńlá ìdílé wọn sá wọ igbó tòun tọmọ lẹ́yìn. Àwọn tó ń lé e rí i tí ewé ń mì. Kí wọ́n tó débẹ̀, àparò kan fò jáde. Wọ́n ní, "Àṣé ẹyẹ ni," wọ́n bá tiwọn lọ. Láti ọjọ́ náà, ìdílé wọn kì í jẹ àparò; bí wọ́n bá pàdé rẹ̀ lóko, wọn a kúnlẹ̀ kí i.

Ìyá àgbà ọmọ náà, olórìṣà tí kò wọ ilé ìwé rí, fẹsẹ̀ rìn wá bá mi.

"Àǹtí, mo gbọ́ pé ìtàn wa wà lọ́wọ́ rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ẹ ṣé o."

"Má dúpẹ́. Kí wọ́n máa kà á. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n kà á níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹyẹ yẹn. Ìyẹn nìkan ni mo bẹ̀ ọ́."

Mo ṣèlérí.

Ọ̀rẹ́ mi lobìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé ìlú náà. A jọ kọ́ṣẹ́ tíṣà, orí ẹní kan la jọ sùn. Ó ní àwọn ọ̀gá ẹ̀kọ́ ń bọ̀ láti Ìbàdàn lọ́jọ́ tí a ó pín ẹ̀bùn fún àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá rí ìwé náà, wọ́n lè fún wa ní ìwé Yorùbá. Mo gbé e fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà fún un.

"Mo ti gbọ́," ló wí. "Àbí ọmọdé ni mí ni?"

Lọ́jọ́ náà, wọ́n ti gbé oúnjẹ síwájú àwọn àlejò kí ọ̀rẹ́ mi tó dìde. Àparò wà nínú ọbẹ̀ wọn. Ó ṣí ìwé náà, ó kà á látòkèdélẹ̀. Bó ṣe kà á tán, ó fi fọ́ọ̀kì gún itan àparò kan, ó gbé e sókè, ó tẹ orúnkún díẹ̀.

"Ẹ kú oko o, ìyá wa!"

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọmọ náà wà lórí ìlà, ó ń dúró de ẹ̀bùn tirẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà á: "Ọmọ àparò! Fò ká wò ó!" Kò sunkún. Èmi náà jókòó, n kò dìde.

Nígbà tí àlejò lọ tán, mo bi ọ̀rẹ́ mi pé kí ló dé.

"Áà, ẹ̀rín lásán! O ò rí bí inú wọn ṣe dùn? Wọ́n á fún ọ ní ìwé."

Wọ́n sì fún wa lóòótọ́. Odindi àpótí kan.

Ní ọjọ́ kẹta ọmọ náà wá. Ó kúnlẹ̀ kí mi bó ti máa ń ṣe.

"Àǹtí, Màmá ní kí n gba ìtàn wa."

"Jẹ́ kí n wá bẹ̀ wọ́n."

"Wọ́n ní kẹ́ ẹ má wá. Wọ́n ní ẹ̀yin làwọn fún, àwọn ò fún ẹlòmíì."

Mo fi abẹ gé ojú ewé náà. Ó ká a sínú aṣọ rẹ̀, ó sì lọ. Kò wọ yàrá ìkàwé mọ́.

Ìwé náà wà lọ́dọ̀ mi dòní. Bí mo bá ṣí i débi tí mo gé, òwú ibẹ̀ a máa tú sí mi lọ́wọ́. N kò rán an.