Orúkọ Tí Ìyá Àgbà Kò Pè

Mo rántí ọdún tí mo sọ ara mi di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fún òkú. Àìsàn ti so bàbá mi mọ́ orí ẹní nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ohun tó sì ń dùn ún jù ni pé kò mọ orúkọ tí wọ́n sọ bàbá tó bí bàbá rẹ̀. Eyínfúnjowó ni gbogbo ilé mọ̀ ọ́n sí. Wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú ìyá rẹ̀, ni wọ́n bí i sí, kí wọ́n tó gbé e wá sí Ọ̀yọ́ ní kékeré. Bàbá mi fẹ́ kí orúkọ àbísọ wà lójú oórì rẹ̀ kí òun náà tó lọ. Ó ní, "Bí mo bá dé ọ̀hún, ta ni kí n ní mò ń béèrè? Eyínfúnjowó?"

Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi, èmi ọ̀mọ̀wé ilé. Ó dá mi lójú pé ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ á wà níbìkan, àfi bí ẹni pé àwọn ará àtijọ́ máa ń sáré lọ gba òǹtẹ̀ kí wọ́n tó gé ìwọ́ ọmọ. Ní ọ́fíìsì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ ẹ̀pà fara balẹ̀ gbọ́ mi tán, ó wá ní kí n lọ mú ọjọ́ ìbí bàbá náà wá, kí òun lè bá mi wá ọjọ́ ìbí rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí ẹ̀yìn Sábó, sọ́dọ̀ àgbà àáfà kan tó jẹ́ pé àwọn bàbá rẹ̀ ló ń sọ ọmọ lórúkọ ládùúgbò náà láyé àtijọ́. Bí mo ṣe dárúkọ, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, níbo ló ti rí eyín? Àwọn ìyàwó ilé yín ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ bi wọ́n léèrè."

Ojú tì mí. Ta ni kò mọ̀ pé obìnrin kì í pe ará ilé ọkọ rẹ̀ tó bá nílé lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́? Orúkọ mìíràn ni yóò fún un. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé nínú àwọn ìyàwó tó bá bàbá náà láyé: Ìyá Àgbà, ìyàwó tí bàbá bàbá mi fẹ́ kẹ́yìn. Yàrá rẹ̀ àti ti bàbá mi ló kọjú síra. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni mo ń gbà kọjá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Mo padà sílé lọ bi í. Ó ní òun mọ orúkọ náà, òun kò kàn lè pè é ni. Mo ní àna rẹ̀ ti kú tipẹ́. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ láti orí ẹní.

"Mo bá a láyé, mi ò pè é," ló sọ. "Ṣé ìgbà tí mo fẹ́ lọ bá a ni mo máa wá pè é?"

Inú bí mi, mo dìde. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó ní kí n jókòó.

"Kí ni mo ń pe àwọn àbúrò rẹ?"

Mo ní orúkọ wọn náà ni.

"Ìwọ ńkọ́?"

"Akọ̀wé."

"Ọjọ́ tí wọ́n sọ ẹ́ lórúkọ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé wo lo ti kà nígbà yẹn?"

Bàbá mi ló kọ́kọ́ yé. Ó rọra pe orúkọ mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló ń pè. Ìyá Àgbà gbọ́ orúkọ àna rẹ̀. Ó di ògiri mú, ó kúnlẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Láti kékeré ni mo ti ń fi Akọ̀wé yangàn sí àwọn àbúrò mi, pé Ìyá Àgbà ló rí ọpọlọ mi. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi àgbà tó sọ mí lórúkọ ti wo ilé, kò kàn sọ ohun tó rí fún ẹnikẹ́ni kó tó kú ni.

Orúkọ náà ti wà lójú oórì báyìí, wọ́n fín in dáadáa, bí mo bá sì lọ wò ó, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé mo ti kú. Bàbá mi ti lọ bá ẹni tó ń béèrè. Ìyá Àgbà náà ti tẹ̀ lé e. Ní báńkì, lórí fóònù, lọ́jà, gbogbo ènìyàn ló ń pe orúkọ mi bó ṣe wù wọ́n. Kò sí ẹni tó ń pè mí ní Akọ̀wé mọ́, òun ló sì ń wù mí gbọ́.