Ẹ Ṣé Níjẹta

Kí Ọmọlará Ògúndáre tó rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn ní yunifásítì kan ní Manchester, Rédíò ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ashton. Ọ̀rọ̀ kì í sùn mọ́jú nínú rẹ̀. Lọ́dún 2012 tí wọ́n gbà á pé kó máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ọ̀gá rẹ̀ ní kó fọwọ́ síwèé pé òun ò ní í dárúkọ ẹni tó wá fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ìyá tó bí onítọ̀hún. Ó fọwọ́ sí i, ó sì gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí ẹnu ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ta ló wọlé bí kò ṣe Mobọ́lá, tí ìyá rẹ̀ àti Ọmọlará jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Bí ọmọ náà ṣe rí i, ẹkún ló bú sí.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí Mummy bá gbọ́, mi ò ní lè wá mọ́. Èmi nìkan ò sì lè dá a gbé."

Ọmọlará bu omi fún un. "Mu ún, ọmọ mi. Mi ò rí ẹ."

Ṣùgbọ́n ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni, òwe yìí ni Màmá Mobọ́lá sì fi tọ́ ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, níwájú ìyá rẹ̀, Mobọ́lá kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ ṣé níjẹta o."

Ó sáré fọwọ́ bo ẹnu, ó ti pẹ́ jù.

"Màmá Táyọ̀," ni ìyá rẹ̀ wí fún Ọmọlará, "kí lẹ ṣe fọ́mọ mi níjẹta?"

Irọ́ ò ṣeé pa nínú ṣọ́ọ̀ṣì, òótọ́ ò sì ṣeé sọ. Ahọ́n ń yún Rédíò.

"Mo fún un lómi mu ni."

"Níbo?"

"Níbi tí òùngbẹ ti gbẹ ẹ́."

"Omi lásán ló ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ fún?"

"Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, Màmá Mobọ́lá. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ."

Màmá Mobọ́lá wò ó títí. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà ńbẹ̀, ó sì mọ̀ pé Rédíò ti kú. Lẹ́yìn ìsìn, ó fà á lọ́wọ́ lọ sínú mọ́tò rẹ̀ ní car park.

"Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún tó kọjá," ó ní. "Mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún." Ló bá ń sunkún.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, Mobọ́lá padà wá. Kò tíì jókòó tó fi rọra béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni Mummy ń bá yín sọ nínú mọ́tò? Ojú wọn pọ́n nígbà tí wọ́n délé."

Ọmọlará bu omi, ó gbé e fún un.

"Mo fún wọn lómi mu ni."