Ẹ̀tù Tí Baba Munirat Dì Bí Ẹ̀pà

Ọdẹ ni ọkọ mi, Baba Munirat, láti ìgbà tí ibi tí wọ́n kọ́ Ẹsítéètì Ìbà sí ti jẹ́ igbó. Òun àti Ọ̀ṣunbíyìí ará Ọ̀tọ̀-Àwórì ni wọ́n jọ ń ṣọdẹ. Wọ́n ti bá ara wọn ṣàdéhùn pé ẹni tó bá gbẹ̀yìn á yin ṣakabùlà ẹ̀ẹ̀mẹta létí sàréè èkejì, kí wọ́n tó da yẹ̀pẹ̀ bò ó.

Ọ̀ṣunbíyìí wá kú. Kazeem, olórí ọdẹ, tí mo mọ̀ nígbà tí ikun ṣì ń dà nímú ẹ̀, wá bá wa nílé. Ó ní ọwọ́ Baba ti ń gbọ̀n jù, pé níbi ìsìnkú tó kọjá, ilẹ̀ ló jẹ gbogbo ẹ̀tù tán, ìbọn ò jẹ nǹkan kan. Ó ní òun lòun máa yìn ín.

Baba Munirat ní, "Ìwọ kọ́ lo ṣàdéhùn."

Lọ́jọ́ kejì ó jókòó, ó ń ya kàlẹ́ńdà. Ó ní òun á ti di ẹ̀tù sínú bébà láti ilé. Tóun bá débẹ̀, òun á kàn já a, òun á dà á sẹ́nu ìbọn, òun á wá ki bébà tẹ̀ lé e. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Àmọ́ kàlẹ́ńdà yẹn le bí ẹ̀yìn ahun. Ó fi òfìfo dán an wò, ó há sínú ìbọn. Ó pẹ́ kó tó rí i fà yọ.

Ogójì ọdún ni mo ti ń ta ẹ̀pà. Mo ní, "Baba Munirat, ta ló ń fi kàlẹ́ńdà di ẹ̀pà?"

Mo mú ìwé ìròyìn, mo wé e mọ́ ìka, mo lọ́ ìdí ẹ̀ pinpin, mo rọra ká orí ẹ̀. Kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀tù ẹ̀. Èmi náà kì í jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹ̀pà mi. Òun fúnra ẹ̀ ló ń di ẹ̀tù bí mo ṣe fi hàn án, ó ń dà á nù sórí àtẹ, ó ń kó o padà. Ọ̀sán ti pọ́n kó tó di ẹyọ mẹ́ta tán.

Ní Ọ̀tọ̀, létí sàréè, Kazeem dúró tì í, ìbọn tiẹ̀ ti wà ní sẹpẹ́. Baba Munirat ò ní eyín iwájú mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ló fi já bébà. Ó ki ẹnu bébà náà bọ ẹnu ìbọn kó tó da ẹ̀tù. Ọwọ́ gbọ̀n títí, ẹ̀tù ò bọ́ sílẹ̀. Ó yìn ín, ó dún. Ó fi àkísà tútù nu inú ìbọn, kí iná má baà kù síbẹ̀. Ó tún dún.

Àwọn tó gbẹ́ sàréè ti ń gbé ṣọ́bìrì. Kazeem fúnra ẹ̀ ló nawọ́ dá wọn dúró. Ó ní, "Ẹ ní sùúrù, ó ku ẹyọ kan."

Ẹ̀kẹta dún.

Baba Munirat bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú sàréè. Ó ní, "Ọ̀ṣunbíyìí, ó pé."

Ìgbà yẹn ló tó gbà kí n bá òun gbé ìbọn.